Lambo ti Àrò: Dókítà tí ó Mú Ìyá Aláìsàn Wọ Inú Ìwòsàn

Nígbà tí ìdílé kan bá fẹ́ tọrọ ìyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, kì í ṣe ẹwà ọmọbìnrin àti ìwà rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń wò. Alárinà yóò kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lábẹ́lẹ̀. Yóò béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá wèrè a máa yọjú nínú ìran wọn. Bí èsì tí ó gbọ́ kò bá dára, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà parí sí ibẹ̀ láìsí ariwo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń fi aláìsàn ọpọlọ wọn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n mú un lọ lóru sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní ìlú tí ojúlùmọ̀ kò sí. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bí i ńkọ́? Kí ni kí ìyá ṣe, kí ni kí ẹ̀gbọ́n ṣe, kí ni kí aya tí ọkọ rẹ̀ dédé ń sọ̀rọ̀ ní òun nìkan ṣe? Láàrin àwọn dókítà ilẹ̀ wa, ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí jù lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta.

Kí iṣẹ́ ọkùnrin náà tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó bá nílẹ̀. Àwọn Yorùbá kò ka gbogbo wèrè sí ọ̀kan náà. Wèrè àmútọ̀runwá wà, wèrè ìran wà, wèrè àfiṣe sì wà, èyí tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ayé ni ó fà á. Wọ́n mọ aṣínwín tí ń sọ̀rọ̀ ṣákálá yàtọ̀ sí dìgbòlugi tí ó ti kọ aṣọ, tí ó ti kọ ilé. Wọ́n tilẹ̀ mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí ó wọ aṣọ tónítóní ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nínú. Oníṣègùn wèrè ní ilé ńlá tí ó ń gba aláìsàn sí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọn a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú àbà tàbí kí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọn a sì fún un ní àgbo. Èyí tí ó lókìkí jù nínú ewé àti egbò tí wọ́n ń lò ni asofẹ́yẹjẹ, tí ń mú aláìsàn sùn fọnfọn, tí ó sì ń rọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìjà. Àwọn òyìnbó náà rí i pé ewé ìdílé yìí kì í ṣe ohun eré. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ oògùn reserpine jáde láti ara igi Íńdíà kan tí ó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ gan-an, tí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ káàkiri ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.

Bí aláìsàn bá sàn, oníṣègùn kò kàn ní kí ó máa lọ sílé. Wọn a mú un lọ sí odò, wọn a fá orí rẹ̀, wọn a fi ẹyẹlé ṣe ètùtù lé e lórí, wọn a sì wẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí ó wọ̀ nígbà àìsàn yóò bá omi lọ. Aṣọ tuntun ni yóò wọ̀ jáde, kò sì gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àṣà yìí ní ọgbọ́n nínú ju bí àwọn alákọ̀wé ìgbà náà ti rò lọ, nítorí pé ojú àwọn ará ilé ni wọ́n ti fi òpin sí àìsàn náà. Ẹni tí ó bá padà wọ ìlú lẹ́yìn èyí, ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi bò: pàṣán wà nínú ilé àwọn oníṣègùn mìíràn, ebi wà níbẹ̀, ẹlòmíràn sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ títí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi di egbò.

Ohun tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dá ilé àwọn wèrè sílẹ̀ ní Kàlàbá ní ọdún 1904, wọ́n sì dá ti Yábàá ní Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àtìmọ́lé ni ilé méjèèjì lójú ẹni tí ó bá dé ibẹ̀. Wọ́n ń kó ẹni tí ń da ìgboro rú síbẹ̀ kí ìgboro lè tòrò, kì í ṣe kí ara aláìsàn lè yá. Òfin kan náà ni ó so dókítà àti adájọ́ pọ̀ láti fi ènìyàn sí ibẹ̀. Ẹbí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn mọ́ bí ó bá ti wọlé tán, ọ̀pọ̀ ni kò sì jáde láàyè. Nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú padà sílé, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n rí fún wọn. Ọdún 1944 ni èyí. Láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ni ilé ìwòsàn Àrò ti hù jáde.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1923 ni wọ́n bí Adéoyè Lambo ní Abẹ́òkúta. Ilé-ìwé gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú náà ni ó lọ, kí ó tó sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham. Ibẹ̀ ni ó ti gbé Dinah níyàwó ní ọdún 1945, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1948. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn níbẹ̀, ó padà sílé ní ọdún 1950, ìjọba sì gbà á sí iṣẹ́. Wọ́n gbé e káàkiri bí wọ́n ti ń gbé dókítà kéékèèké ìgbà náà: ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó ṣiṣẹ́ ní Zaria àti Gusau ní ilẹ̀ Haúsá. Lẹ́yìn èyí ni ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé ìwòsàn Maudsley, láti kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ. Bí ó ti parí ẹ̀kọ́ náà, òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí yóò gba irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wálé.

Ọdún 1954 ni wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn Àrò. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni ilé tí kò tíì parí. Bíríkì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kò tó, àwọn aláìsàn sì ń dé lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ dókítà mìíràn, ì bá kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n tètè parí ilé náà, kí ó sì káwọ́ gbera. Lambo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Abúlé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn náà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń gbin kókò, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ó tọ àwọn àgbà abúlé náà lọ, ó sì bá wọn jíròrò. Ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn rẹ̀.

Nǹkan ńlá ni ó béèrè yẹn. Ta ni ó fẹ́ kí wèrè sun yàrá kejì sí ti àwọn ọmọ òun? Ṣùgbọ́n dókítà náà kò wá ní ọwọ́ òfo. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wá fín oògùn ẹ̀fọn. Àwọn aláìsàn ń san owó ilé lóṣooṣù, àwọn ará abúlé mìíràn sì rí iṣẹ́ ṣe nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Diẹ̀díẹ̀, abúlé mẹ́rin tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni ó wọ inú ètò náà.

Àdéhùn kan wà tí kò ṣeé yẹ̀. Aláìsàn kankan kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá gbé: ìyá, àbúrò, ẹ̀gbọ́n, aya, tàbí àǹtí. Ará ilé yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Ìtọ́jú òyìnbó ni wọ́n ń ṣe fún un níbẹ̀ láàárọ̀: abẹ́rẹ́, oògùn oníhóró, àti iná mànàmáná fún àwọn tí ó bá yẹ fún. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì yóò wá sí abúlé láti wò ó bí nǹkan ti ń lọ. Ìyókù ọjọ́ náà, ìgbé ayé ni. Aláìsàn lè bá onílé rẹ̀ lọ sí oko. Obìnrin lè jókòó ti ẹni tí ń gún iyán. Bí wọ́n bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń pè é. Bí ìjó bá dé, ó lè jó. Ẹni tí ó fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ẹni tí ó fẹ́ mọ́ṣáláṣí rí mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ó sì ń bọ òrìṣà kò ní ẹni tí yóò dá a dúró.

Ìrònú Lambo nípa ètò yìí jinlẹ̀. Ó ti rí i ní Yúróòpù pé aláìsàn tí wọ́n bá tì mọ́ inú ọgbà gíga fún ọdún púpọ̀ a máa gbàgbé bí ènìyàn ti ń gbé láàrin ènìyàn. Àìsàn àkọ́kọ́ lè lọ, kí àìsàn kejì tí ọgbà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ sì gba ipò rẹ̀. Yorùbá ni Lambo, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá bọ́ kúrò láàrin ẹbí ti ṣe aláìsí ní ọ̀nà kan. Nítorí náà kò jẹ́ kí okùn náà já. Ilé ìwòsàn kan wà ní Geel ní ilẹ̀ Belgium tí wọ́n sábà máa ń fi Àrò wé, nítorí pé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará ìlú náà ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sí ilé wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ àlejò ni aláìsàn Geel ń gbé. Ní Àrò, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí èyí ṣe fún àwọn ìyá náà ni ó yẹ kí àwọn tí ń sọ ìtàn Lambo máa tẹnu mọ́ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Obìnrin kan tí ó ti fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, tí ó ń purọ́ fún àwọn aládùúgbò pé ó wà ní ìdálẹ̀, bá ara rẹ̀ lójijì ní agbo ilé tí obìnrin mẹ́rin mìíràn ti ń fọ aṣọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí láti purọ́ mọ́. Ní ìdí ààrò, ní ìdí omi ẹ̀rọ, èyí tí ọmọ tirẹ̀ kọ oúnjẹ béèrè lọ́wọ́ èyí tí ọmọ tirẹ̀ ti ń jẹun. Èyí tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ kọ́ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ti ń mọ̀ pé àìsàn fẹ́ padà: àìsùn lóru méjì, ìbínú láìnídìí, kí ènìyàn máa fi etí sí ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé padà sílé. Nígbà tí aláìsàn bá sì wọ ìlú rẹ̀ padà, kì í ṣe ìwé dókítà ni àwọn ará ìlú wò, bí kò ṣe ẹnu ìyá rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹbí ti ń wà ní etí odò láyé ìjọ́un.

Kò sí ètò tí kò ní àléébù. Ẹni tí kò ní ẹbí, tàbí tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀, kò rí ọ̀nà wọ abúlé. Ọgbà Lántòrò ni ó kù fún irú wọn. Àwọn obìnrin ni wọ́n sì ru èyí tí ó wúwo jù nínú ẹrù náà. Ìyá tí ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjà fún oṣù mélòó kan, ta ni ó bá a tọ́jú àwọn ọmọ yòókù? Ilé ìwòsàn kò ní ìdáhùn sí èyí, ẹbí ni ó ní láti wá a. Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Owó tí ìjọba ná sí ètò abúlé náà sì kéré sí ohun tí wọn ì bá ná láti kọ́ ilé gba gbogbo wọn.

Ohun tí ó mú kí orúkọ Lambo tètè kárí ayé, tí ó sì mú kí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn máa yọ ṣùtì sí i, ni ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ó kó méjìlá nínú wọn jọ láti ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì fi wọ́n sí inú ètò abúlé náà. Kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n wá máa fún àwọn aláìsàn ní àgbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó fún wọn ni láti máa darí ìpéjọ àwọn aláìsàn àti ayẹyẹ wọn, kí wọ́n sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ó yé wọn. Aláìsàn tí ó gbà pé àjẹ́ ni ó ń bá òun jà, tàbí pé òun jẹ gbèsè ètùtù fún baba òun tí ó ti kú, kò ní sọ ọ́ fún dókítà tí ó wọ aṣọ funfun, pàápàá bí ó bá rò pé dókítà náà yóò rẹ́rìn-ín. Yóò sọ ọ́ fún babaláwo. Yóò sì sọ ọ́ ní ojú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tirẹ̀. Ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ jókòó ṣe yìí, tí àwọn òyìnbó ń fi yàrá àti àga yípo kọ́ nígbà náà ní ilẹ̀ wọn, abẹ́ igi ni ó ti ń wáyé ní Àrò.

Lambo gbà ní gbangba pé òun kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà méjìlá náà, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó ń já aláìsàn láyà ju ìwé Lọ́ńdọ̀nù lọ. Èyí kò rọrùn láti gbà fún ẹni tí ó ti lo ọdún púpọ̀ ní yunifásítì. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Àrò ní ìparí àwọn ọdún 1950, náà tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Ó lọ káàkiri ilé àwọn oníṣègùn wèrè, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, títí kan ètùtù etí odò tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan.

Ìjà mìíràn wà tí Lambo jà, tí kì í ṣe ti abúlé. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé dókítà kan jáde, J. C. Carothers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Dókítà yìí sọ pé àwọn ará Áfíríkà kì í lo iwájú ọpọlọ wọn bí ó ti yẹ, ó sì gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ń pa àwọn òyìnbó kò wọ́pọ̀ láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣègùn nìkan. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ronú jinlẹ̀ tó láti banújẹ́, báwo ni yóò ti lè ṣe ìjọba ara rẹ̀? Lambo bẹnu àtẹ́ lu ìwé náà, ó ní kò ní ìdí nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Láti ọdún 1955 ni ó ti ń kọ̀wé nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa bí àṣà Yorùbá ti ń fún àìsàn ọpọlọ ní àwọ̀, láìjẹ́ pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ìjọba tún rán an lọ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọpọlọ wọn ń dàrú níbi tí wọ́n ti ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó rí ni pé ìdáwà, òtútù àti ìbẹ̀rù ìdánwò ń jí ìbẹ̀rù ilé dìde nínú wọn. Ọmọ tí ó ti gbàgbé àjẹ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rí i lójú àlá ní yàrá tútù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí kò ti sí ẹbí tí yóò bá a pa àlá náà.

Kí ọ̀rọ̀ Carothers lè rí ìdáhùn tí ó ní ẹ̀rí, Lambo àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, dáwọ́ lé ìwádìí kan ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ọdún 1963 ni ìwé ìwádìí náà jáde. Wọ́n rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Yorùbá fi ń pe ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó ti di àìsàn, ṣùgbọ́n gbogbo àmì rẹ̀ wà lára àwọn ènìyàn: àìsùn, ẹkún, àìlè jẹun, kí ayé sú ènìyàn. Wọ́n ń pè é ní orúkọ púpọ̀ ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè àwọn tí ó ń wò, kò ní mọ̀ pé wọ́n ń banújẹ́.

Ṣáájú èyí, ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Lambo pe àwọn dókítà ọpọlọ láti Áfíríkà àti òkè òkun jọ sí Abẹ́òkúta. Ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà ni. Àwọn àlejò náà rìn wọ abúlé Àrò pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n sì rí aláìsàn tí ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé rẹ̀. Ètò tí ó jọ ti Àrò hù káàkiri lẹ́yìn náà. Ní ilé ìwòsàn Fann ní Dakar, níbi tí Henri Collomb ti jẹ́ olórí, wọ́n sọ ọ́ di àṣà pé kí ará ilé aláìsàn wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń pe àwọn aláìsàn, àwọn ẹbí àti àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí ìpàdé kan bí ìpàdé abẹ́ igi ti àwọn Wolof.

Láti ọdún 1963 ni Lambo ti lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, tí Tọ́lání Àsúnì sì gba iṣẹ́ Àrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní ọdún 1966, ó sì di gíwá yunifásítì náà ní ọdún 1968. Ìgbà gíwá yìí kò dùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ, wọ́n pe ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, ìbọn sì pa akẹ́kọ̀ọ́ kan. Fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí pé sùúrù àti ìjókòó sọ̀rọ̀ sàn ju ìfipá lọ, àbùkù kan ni èyí tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò gbàgbé. Ní ọdún náà ni ó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Geneva, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ kan náà tí ó tẹ ìwé Carothers. Láti ọdún 1973 títí di 1988 ni ó fi jẹ́ igbákejì olórí pátápátá níbẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Alma-Ata ní ọdún 1978 láti fẹnu kò lórí ìlera mẹ̀kúnnù, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú àwọn tí ìwé àdéhùn náà dárúkọ pé wọ́n lè ṣe nínú iṣẹ́ náà.

Àjọ yìí ni ó tún ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìsínwín ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, tí aláìsàn 1,202 wọ inú rẹ̀. Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn tí ara wọn dá jù wà ní Ìbàdàn àti ní ibùdó Íńdíà, kì í ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí owó àti oògùn pọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ẹbí.

Ètò abúlé Àrò kò gbilẹ̀ títí gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn tuntun dín iye ọjọ́ tí aláìsàn ń lò nílé ìwòsàn kù. Ìlú Abẹ́òkúta gbòòrò. Àwọn ẹbí tí ń ṣe iṣẹ́ oṣù ní Èkó kò lè gba àyè oṣù mẹ́ta láti wá gbé ní abúlé, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Ilé ìwòsàn náà di ńlá, ó ní ọ̀pọ̀ yàrá àti ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, orúkọ Àrò sì di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń bú ara wọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí í ṣe ìdàkejì gan-an ohun tí ọkùnrin náà ń wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo dolóògbé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2004, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà lọ́jọ́ tí ó kú. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀, tí ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìtọ́jú láàrin àwùjọ tí ó ń gbé.